Àbẹ̀kẹ́, Má Tíì Ra Irin Yẹn

Bódìjà, Ìbàdàn
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì, ọdún 2025

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Nígbà tí mo gbọ́ bí o ṣe ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀, mo ti rò pé ọ̀rọ̀ owó ilé ni. Àṣé irin lo fẹ́ rà. Mo wo fọ́tò rẹ̀ náà: irin dúdú tó ń dán, rọ́bà yí i ká, nọ́ńbà funfun wà lára rẹ̀, ìjókòó aláwọ̀ pupa kan sì wà nídìí rẹ̀ bíi ti ọba. Mo wá wo iye tí wọ́n ń tà á. Ẹlòmíràn á fi owó yẹn san owó ilé ọdún kan ní Tankẹ́ yín ní Ìlọrin, á sì tún fi ìyókù ra gáàsì.

N kò ní fi owó yẹn ránṣẹ́. Èyí tí màá ná kéré sí i púpọ̀, ti sìmẹ́ǹtì, yanrìn àti irin gígùn kan ni. Má tíì fajú ro. Jókòó kà á tán ná.

Kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ màmá rẹ. Ó ti pè mí, ó ní kí n bá òun dá ọ lẹ́kun, pé obìnrin tó bá ń gbé irin, èjìká rẹ̀ á fẹ̀ bíi ti alágbàṣe, kò sì ní rí ọkọ fẹ́. Mo ní ṣé ó mọ Adijat Ọlárìnóyè? Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Mo ṣàlàyé fún un pé ní Birmingham lọ́dún 2022, níbi ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, ọmọbìnrin yẹn tí kò wúwo ju kílò 55 lọ gbé kílò 92 kọjá orí lẹ́ẹ̀kan náà láti ilẹ̀, ó tún wá gbé 111 dé èjìká kó tó tì í sókè, ó sì gba góòlù. Ọjọ́ kejì rẹ̀, Rafiatu Lawal náà gba góòlù láàárín àwọn tó jẹ́ kílò 59. Tí o bá rí àwọn méjèèjì lójú títì láìwọ aṣọ eré, o ò ní mọ̀ pé wọ́n ń gbé irin. Ohun tó ń mú iṣan ọkùnrin wú bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ bíńtín ló wà lára àwa obìnrin. Okun ni irin máa fún ọ, egungun tó le, àti ẹ̀yìn tí kò ní máa ro ọ́ tí o bá gbé kẹ́ẹ̀gì omi gun àkàsọ̀. Màmá rẹ ní òun ti gbọ́. Ká máa wò ó bóyá ó gbọ́ lóòótọ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ irin. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, ilé-ìwé kankan tí mo wà kò ní irin tó ń dán. Ohun tí a ní là ń lò. Mo sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ara ò mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹrù tó ń gbé. Kílò 10 ti Amẹ́ríkà ò wúwo ju kílò 10 ti yanrìn odò Àsà lọ. Ohun mẹ́ta péré lo ní láti béèrè lọ́wọ́ irin: ṣé mo mọ bó ṣe wúwo tó gan-an? Ṣé mo lè fi díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Tí ọwọ́ mi bá yọ̀, ṣé kò ní já lé mi lórí? Irin ilé ìtajà dáhùn ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ dáadáa, mi ò jiyàn, òun ló sì fà á tí ó fi wọ́n. Èyí tí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò máa ń fọwọ́ ara wọn ṣe kì í sábà dáhùn ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí tìrẹ ti yàtọ̀.

O mọ èyí tí mò ń sọ. Wọ́n á wá agolo ọ̀dà méjì, wọ́n á ki páìpù omi bọ̀ ọ́ lórí méjèèjì, wọ́n á da kọnkéré sí i, ó parí. Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, tí wọ́n ti gbogbo jíìmù pa, tí irin sì wọ́n bí ojú káàkiri ayé, kò sí agboolé kan ládùúgbò wa níbí tí o ò ti ní rí i. Inú mi dùn sí ìsapá wọn. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ọmọ kan pé kó gbé àárín gbùngbùn tirẹ̀ lé orí ẹ̀yìn àga, kí a wò ó. Ó tẹ̀ sí apá ọ̀tún bíi ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jò. Oṣù bíi mélòó ló ti fi ń gbé e bẹ́ẹ̀, èjìká ọ̀tún ló ń jẹ ìyà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì mọ iye kílò tó jẹ́, ó ní "á máa lọ sí ogójì." Ogójì wo? A fi sórí òṣùwọ̀n, kò tó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èyí tó wá burú jù ni pé orí méjèèjì ti gan mọ́ páìpù náà títí ayé. Tí ara rẹ̀ bá ti mọ́ ọn, kò sí ohun tó lè fi kún un, àfi kó tún da òmíràn.

Nítorí náà, àpò yanrìn ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Kò ná ọ ní nǹkan, tó bá sì já lulẹ̀, kò fọ́, ilẹ̀ onílé náà kò fọ́. Wá yanrìn odò tó mọ́, sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa, torí yanrìn tútù máa ń hu nǹkan nínú àpò, ìwúwo rẹ̀ á sì máa yí padà bó ṣe ń gbẹ. Yanrìn gbígbẹ tó bá kún ike ọ̀dà lítà 4 máa wọn kílò 6 àti díẹ̀. Má da gbogbo rẹ̀ sínú àpò ńlá lẹ́ẹ̀kan. Dì í sí ọ̀rá kékeré-kékeré, kílò 5 kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá méjì wọnú ara wọn, kí o fi téèpù wé e pinpin. Àpò ìrẹsì tó nípọn, tàbí báàgì àwọn ṣọ́jà tí wọ́n ń tà lọ́jà òkìrìkà, ni kí o wá kó wọn sí. Lónìí o kó mẹ́rin sí i, ó di 20. Lọ́sẹ̀ mélòó kan sí i o fi ọ̀kan kún un. O lè gbá a mọ́ àyà kí o máa lóṣòó kí o sì máa dìde, o lè gbé e láti ilẹ̀ dé èjìká, o lè gbé e rìn láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Má dì í kó kún dẹ́nu. Fi àyè sílẹ̀ kó máa yọ́ lọ yọ́ bọ̀; ìyọnu tó máa fún ọwọ́ àti ikùn rẹ kì í ṣe kékeré, ìyọnu yẹn gan-an lo sì ń wá.

Ṣé o ń ronú pé mi ò ní sọ̀rọ̀ irin gidi? Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Irin gígùn tí o máa fi ọwọ́ méjèèjì mú, òun ni mo ní ká náwó lé jù. Èyí tí àwọn ọkùnrin ń gbé níbi ìdíje jẹ́ kílò 20, ó gùn ní mítà 2.2, ibi tí wọ́n ti ń dì í mú nípọn ní mílímítà 28. Ti obìnrin jẹ́ kílò 15, ó gùn ní mítà 2.01, ìnípọn rẹ̀ sì jẹ́ 25, torí àtẹ́lẹwọ́ tiwa kéré. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tó ń ṣe é nílé ló máa ń lọ ra páìpù omi. Páìpù ní ihò nínú. Tí ẹrù bá ti pọ̀ lórí méjèèjì, á tẹ̀ bí ọrun, tó bá sì ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní nà mọ́. Irin ìkọ́lé tí bíríkìlà ń lò náà kò dáa, àwọn ìlà tó wà lára rẹ̀ á ha ọ́ lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Ṣáfùtù tó dì, tí kò ní ihò, tí ara rẹ̀ ń yọ̀, òun ni kí o béèrè. Tó bá nípọn ní mílímítà 25, mítà kan rẹ̀ jẹ́ kílò 3.85, mítà 2 á wá jẹ́ kílò 7.7. Ìyẹn ti tó ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Tó bá ṣe Èkó ni o wà, mi ò bá ní kí o lọ sí Owódé Onírin ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, kò sí irin tí wọn kì í tà níbẹ̀. Ní Ìlọrin, wá ibi tí àwọn oníkọ́ńdẹ́mù ń kó irin jọ sí, kí o sì mú ọkùnrin kan dání tó mọ̀ ọ́n ná, torí tí wọ́n bá ti rí ọ pẹ̀lú báàgì ilé-ìwé, iye tí wọ́n máa pè á yàtọ̀. Kílò ni wọ́n ń tà á. Nígbà tí o bá wà níbẹ̀, fojú wá àwọn nǹkan roboto: jíà ọkọ̀ akẹ́rù, fìláíwíìlì, àti díìsìkì bíréèkì tó ti jẹ. Mẹkáníìkì míì á fún ọ ní díìsìkì bíréèkì lọ́fẹ̀ẹ́ tí o bá bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ihò ti wà láàárín wọn, irin sì ni wọ́n, wọn kì í tètè fọ́. Ihò àwọn míì á tóbi ju ṣáfùtù lọ. Tọ́nà tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin lè bá ọ ṣe òrùka irin kékeré kan tí wẹ́dà á jó mọ́ inú ihò náà, kó lè ṣe déédéé pẹ̀lú ṣáfùtù. Fọ gíríìsì ara wọn kúrò pẹ̀lú kẹrosíìnì, kí o sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà.

Ti wẹ́dà, dúró tì í. Ohun tí mo fẹ́ kó ṣe kò pọ̀: òrùka irin méjì tó máa dá ẹrù dúró kó má wọ ọwọ́ rẹ wá. Ní ibi ìdíje, àlàfo àárín méjèèjì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 131. Fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí o fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí ohun tó kù lọ́tùn-ún àti lósì gùn bákan náà. Àwọn wẹ́dà wa mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí nǹkan tí wọ́n rò pé eré ọmọdé ni, wọ́n á kàn jó o níbi mẹ́ta, wọ́n á ní ó ti mú. Má gbà. Kó jó o yí ká. Tó bá jẹ́ irin tí wọ́n fi síǹkì bò ni ó fẹ́ jó, bíi páìpù omi tó funfun yẹn, kó kọ́kọ́ fi fáìlì ha funfun ara rẹ̀ kúrò, kí ìwọ náà sì bọ́ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Èéfín rẹ̀ máa ń fún èèyàn ní ibà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Má sì wo iná rẹ̀ lójú kòrókòró, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá.

Tí o bá rí díìsìkì bíréèkì tó pọ̀ tó, o lè fo ọ̀rọ̀ kọnkéré tó kàn. Mo mọ̀ pé o ò ní fò ó, torí ọmọ tó ń fi ìdọ̀tí ṣeré láti kékeré ni ọ́.

Kọnkéré: lítà kan rẹ̀ tó bá ti gan máa ń tó kílò 2.4. Tí o bá ti mọ èyí, o lè mọ bí nǹkan tí o fẹ́ dà ṣe máa wúwo tó kí o tó fọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì. Má lo ike ọ̀dà fún ohun tó máa wọ orí ṣáfùtù. Ó jìn jù, ọ̀kan péré ló máa gba ẹ̀gbẹ́ kan. Báàfù ike fífẹ̀ ni kí o lò, irú èyí tí ìdí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Tí ìdí rẹ̀ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 36, tí o sì da kọnkéré sí i kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 4, lítà 4 ló máa gbà, kílò 10 ló sì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Bó ṣe fẹ̀ yẹn ní àǹfààní mìíràn. Irin ìdíje, àwo rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45, ìyẹn ni pé ṣáfùtù á wà ní 22 ààbọ̀ sókè ilẹ̀. Tí tìrẹ bá kéré jù, o máa bẹ̀rẹ̀ jù kí o tó bá a, ẹ̀yìn rẹ á ká, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń ṣe ara wọn léṣe tí wọ́n á sì máa sọ pé irin ló ṣe wọ́n. Pẹ̀lú 36, pákó 2-ìǹṣì kan lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tó.

Ohun tí o máa pò fún báàfù méjì ni sìmẹ́ǹtì lítà 2, yanrìn lítà 4, gíránáìtì wẹ́wẹ́ lítà 6. Kó má yà ọ́ lẹ́nu pé ó ju lítà 8 lọ. Tí o bá pò ó, yanrìn á wọ àárín gíránáìtì, sìmẹ́ǹtì á wọ àárín yanrìn. Má ra odindi àpò kílò 50, lọ bá àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù kí wọ́n wọn díẹ̀ fún ọ. Po gbígbẹ náà papọ̀ kó di àwọ̀ kan, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí bu omi lé e. Omi lítà kan ààbọ̀ ti pọ̀ tó. Ọwọ́ á máa yún ọ láti fi kún un torí pé á le láti pò. Má fi kún un. Omi tó bá pọ̀ jù ló ń sọ kọnkéré di nǹkan tó ń fọ́ bíi bisikíìtì. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, má jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì tútù pẹ́ lára rẹ, torí ó ń bó awọ, o lè má mọ̀ títí dìgbà tó bá ti jó ọ. Fi nǹkan bo imú nígbà tí o bá ń da gbígbẹ rẹ̀.

Àárín báàfù gan-an ni ihò gbọ́dọ̀ wà, iṣẹ́ tó gba sùúrù sì nìyẹn. Gé páìpù PVC kúkúrú kan tí ihò rẹ̀ fi díẹ̀ tóbi ju ṣáfùtù lọ. Wá àárín ìdí báàfù, fi irin gbígbóná lu ihò tí páìpù máa wọ̀ pinpin, kó lè dúró ṣánṣán. Da kọnkéré dé ìdajì, tẹ́ wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ sí i, gé e kó má dé etí, kí o wá da ìyókù. Wáyà yẹn ni kò ní jẹ́ kó là sí méjì lọ́jọ́ tó bá ṣèèṣì já. Fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ báàfù yí ká, o máa rí i tí afẹ́fẹ́ ń hó jáde lókè bíi ọ̀gì tó ń sè. Gbá a títí á fi dákẹ́. Pákó tó gún ni kí o fi ha ojú rẹ̀ kó tẹ́jú.

Lẹ́yìn náà, fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́. Ọjọ́ kejì ni wàá ti fẹ́ yọ ọ́. Kọnkéré kì í gbẹ bí aṣọ ṣe ń gbẹ, omi ló ń mu tó fi ń le. Fi àpò tútù bò ó, máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, kí o gbé e kúrò nínú oòrùn. Ó máa tó ọjọ́ 28 kí agbára rẹ̀ tó pé. O lè bẹ̀rẹ̀ sí lò ó díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, kó má ṣáà já. Bí báàfù náà bá dúró mọ́ ọn lára, má yọ ọ́. Á dáàbò bo etí rẹ̀.

Àwọn ike ọ̀dà lítà 4 wúlò fún nǹkan míì. Kọnkéré tó kún un máa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kílò 10. Ká irin kan bí ìgbátí, ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sínú rẹ̀ kó jìn, torí ìgbátí tó wà lára ike náà ò lè gbé e pẹ́. Ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, máa rìn. Fún èyí tó kéré, agolo ọ̀dà lítà 1 méjì àti páìpù kúkúrú kan láàárín máa jẹ́ bíi kílò 5 ààbọ̀. Kí o tó ki páìpù náà bọ̀ ọ́, lu ihò sí orí rẹ̀ méjèèjì kí o fi ìṣó gígùn gún un kọjá. Tí kò bá sí ìṣó yẹn, lọ́jọ́ kan ọwọ́ rẹ á gbé páìpù, agolo á sì dúró nílẹ̀, ìyẹn bí kò bá jẹ́ orí ẹsẹ̀ rẹ ló dúró sí.

Gbogbo ohun tí o bá ṣe, wọ̀n ọ́n. Dúró lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èèyàn, kọ ọ́ sílẹ̀. Gbé nǹkan náà dúró lórí rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì. Tí ọ̀kan bá fi gíráàmù 300 fúyẹ́ ju èkejì lọ, so ẹ̀wọ̀n kékeré mọ́ ọn. Kọ iye rẹ̀ sí i lára pẹ̀lú ọ̀dà. Fún kíkún díẹ̀díẹ̀, kò sí ohun tó dáa ju omi lọ, lítà kan kílò kan. Ike omi sẹ̀ǹtílítà 75 méjì tí o so mọ́ orí ṣáfùtù, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, ti fi kílò kan ààbọ̀ kún un. Èjìká obìnrin kì í lè fo kílò 5 lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń dúró sójú kan tí wọ́n á ní ó ti sú àwọn. Píọ́wọ́tà náà ṣeé lò, òdiwọ̀n rẹ̀ ni sẹ̀ǹtílítà 50, odindi báàgì tó jẹ́ ogún á sì jẹ́ kílò 10. Ṣùgbọ́n wọ̀n ọ́n ná, torí àwọn tó ń dì í máa ń fi ọgbọ́n orí dì í nígbà míì.

Rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ tàbí ti ọ̀kadà, tí o bá gé e, o lè fi kọ́ òpó kí o máa fà á sí àyà. Máa yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá ti ń là wẹ́wẹ́, jù ú nù, tó bá já mọ́ ọ lójú, nǹkan ńlá ni.

Ó wá ku ohun tí mi ò fẹ́ kí o ṣe, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Má ṣe ìjókòó pupa yẹn. Má jẹ́ kí wẹ́dà kankan bá ọ ṣe é, má fi pákó kàn án. Láti dùbúlẹ̀ kí o máa ti irin sókè lórí àyà níwọ̀n ìgbà tí o bá dá wà nínú yàrá, tí kò sẹ́ni tó máa bá ọ gbé e kúrò tí ọwọ́ bá kọ̀, lọ́rùn ló máa ń já sí. Ẹni tí mo mọ̀ tó dára jù nínú ìdùbúlẹ̀ yẹn ni Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ wa, tó gbé kílò 167 ní Paris lọ́dún 2024 níbi ìdíje àwọn aláàbọ̀ ara, tó sì gba góòlù. Bí òun ṣe le tó yẹn, àwọn tó ń dúró tì í máa ń wà lọ́tùn-ún lósì pẹ̀lú ọwọ́ ní sẹpẹ́. Ìwọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kí o sì fi àwọn búlọ́ọ̀kù 9-ìǹṣì gbé orí ṣáfùtù méjèèjì kó ga ju àyà rẹ lọ. Ilẹ̀ á dá ìgbọ̀nwọ́ rẹ dúró, búlọ́ọ̀kù á dá irin dúró. O ò ní lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó bí o ṣe fẹ́, mo mọ̀. Ó ti tó.

Má sì so ara rọ̀ mọ́ irin ojú fèrèsé, bó ti wù kó nípọn tó. Ìṣó mẹ́rin ni bíríkìlà fi kàn án mọ́ ògiri, àwọn olè ló sì ṣe é fún. Tí bàbá onílé bá gbà, ẹ gbẹ́ ihò méjì sí ẹ̀yìnkùlé, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ ri òpó irin méjì, ẹ da kọnkéré sí i, kí páìpù ìǹṣì kan dábùú lókè. Páìpù ìǹṣì kan nípọn ní bíi mílímítà 33 lóde, àtẹ́lẹwọ́ á gbá a mú dáadáa. Lẹ́yìn tó bá ti gan, ẹ so àpò yanrìn tó wúwo ju ẹni tó sanra jù nínú yín lọ mọ́ ọn, kó sùn mọ́jú. Tó bá dúró, ìwọ náà lè rọ̀ mọ́ ọn. Èmi ò rò pé bàbá onílé máa kọ̀, a ti lè sá aṣọ lórí rẹ̀.

Òkè ni yàrá rẹ wà, àbí? Má gbé nǹkankan nínú rẹ̀ tó ju àpò yanrìn lọ. Gbogbo ìyókù, ìsàlẹ̀. Kó táyà ọkọ̀ méjì tó ti jẹ sí abẹ́ ibi tí irin máa balẹ̀ sí, ariwo rẹ̀ á dínkù, àwọn ará ilé ò sì ní pè ọ́ lóríṣiríṣi orúkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó, kí ọjọ́ kan wà láàárín kí ara lè sinmi. Ra ìwé kékeré kan, máa kọ ohun tí o gbé àti iye ìgbà tí o gbé e. Jẹ ẹyin, jẹ ẹ̀wà, sùn. Indomie nìkan kò lè kọ́ iṣan.

Ti ṣáfùtù, má ṣe ìyọnu àtilọ rà á mọ́, èmi ni màá rà á níbí, mo mọ ọkùnrin kan tó ń tà á tí kì í rẹ́ mi jẹ. Màá fi ránṣẹ́ sí ọ ní gáréèjì lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Kí o múra láti bá dírẹ́bà jiyàn, torí irin mítà méjì kò ní wọ búùtù, á fẹ́ kí o san owó èrò kan sí i. Owó sìmẹ́ǹtì àti báàfù á wọ àkáǹtì rẹ lọ́la. Kí o tó kọ nọ́ńbà sára báàfù àkọ́kọ́, fi iye tó wọ̀n ránṣẹ́ sí mi. Màmá rẹ ti ní òun fẹ́ wá wo ohun tí o ń ṣe nígbà tó bá ń bọ̀ ní Ìlọrin. Fi àpò yanrìn kílò 10 kan pamọ́ dè é.

Èmi ni àǹtí rẹ,
ní Bódìjà.